Ọ̀sẹ̀ méje tí mo fi wá lẹ́tà ọmọ Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ gan-an, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ ọ́ káàkiri, kálukú sì ti ń fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i. Ọdún 2023 ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà ní káńsù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí state of origin, ojú ewé kan, stáǹpù kan, sáìn kan. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. N ò ní dárúkọ káńsù yẹn o, n ò sì ní dárúkọ agbo ilé ìyá mi, ìgboro Abẹ́òkúta ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ àdúgbò ti mọ káńsù, ẹni tó bá sì mọ agbo ilé ti mọ Dádì tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn nísàlẹ̀ yìí, wọ́n ṣì wà láyé, mo ṣì máa ń lọ kí wọn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára jù. PhD ni mò ń ṣe nínú philosophy, ẹ̀ka tó jẹ mọ́ òṣèlú. Tí àwọn oníbàárà bá bi màmá mi ní Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ pé kí lọmọ yín ń kà látọjọ́ yìí, wọ́n á ní "ó ń kà nípa ìjọba", tí wọ́n bá tún tẹnu mọ́ ọn wọ́n á ní "ìjọba àti obìnrin", ibẹ̀ ló máa ń parí sí, kò sì jìnnà sóòótọ́. Ohun tí mò ń wá ni pé ta là ń pè ní ọmọ ìlú, kí ló ń sọ èèyàn di ọmọ ìlú, kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkùnrin kan lobìnrin sábà máa ń gbà wọlé síbẹ̀. Aristotle ní ọmọ ìlú ni ẹni tó ń bá wọn pín nínú ìṣàkóso, tó ń pàṣẹ nígbà tó bá kàn án, tó ń gbàṣẹ nígbà tó bá kan ẹlòmíì, ó wá fi obìnrin àti ẹrú sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń jà lórí ilẹ̀kùn yẹn, ẹlòmíì ní kí wọ́n ṣí i díẹ̀, ẹlòmíì ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù, Carole Pateman, onímọ̀ òṣèlú kan, ní tiẹ̀ ní àdéhùn tí wọ́n ní àwọn èèyàn jọ ṣe kí ìjọba tó wà yẹn, òmíì wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò sọ síta, èyí tó fi obìnrin sábẹ́ ọkùnrin.

Orí Kẹta ìwé tèmi dá lórí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó bá Aláké jà nítorí owó orí láàárín 1947 sí 1949. Supafáísọ̀ mi, èèyàn dáadáa ni wọ́n o, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fi orí yẹn ránṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ "Where is the philosophy?" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ará History. Ọdún méjì la fi fa èyí.

Owó ló gbé mi dé káńsù. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti fi strike gba oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, iṣẹ́ part-time tí mò ń ṣe ò sanwó dédé, ìwé tí mo nílò sì wà ní Ìbàdàn, ìwé Ìyá Ransome-Kuti tó ṣáájú àwọn obìnrin yẹn wà ní Kenneth Dike Library, ti ìjọba òyìnbó wà ní National Archives, mọ́tọ̀ lọ́tọ̀, oúnjẹ lọ́tọ̀, fótókọ́pì lọ́tọ̀. Ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan bá jáde fún ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá ti ní lẹ́tà káńsù. Mo ní ọpẹ́ o, tèmi dé.

Ẹ wá wo bí ìdílé mi ṣe rí. Ìyá-ìyá mi, ọmọ bíbí agbo ilé kan láàárín Abẹ́òkúta ni, wọ́n lọ sílé ọkọ, ilé ọkọ ò gbè wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé bàbá wọn, wọ́n di dálémosú tòun toyún. Oyún yẹn ni màmá mi. Bàbá tó ni oyún, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá ni, wọ́n gbé e lọ sókè ọya, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Nínú agbo ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ màmá mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá tèmi, ọmọ Ọ̀fà ni, wọ́n kú nígbà tí mo wà ní praimárì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Ọ̀fà láyé mi, ìkejì ni ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n. Ọkọ mi, ọmọ Iléṣà. Ẹ kà á wò: Ìbàdàn, Ọ̀fà, Iléṣà, ọkùnrin mẹ́ta, ìlú mẹ́ta, kò sí Abẹ́òkúta níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni Abẹ́òkúta wà. Láfún ni mo fi dàgbà, orin Ẹ̀gbá tí a ń kọ lórí assembly mo mọ̀ ọ́n dé ìlà ìkẹyìn, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo jẹ́ àlejò, àfi ọjọ́ tí mo gbé fọ́ọ̀mù dé iwájú Mummy kan ní káńsù.

Wọ́n gba fọ́ọ̀mù, wọ́n wo ibi tí wọ́n ní kí n kọ ìlú bàbá sí. "Ọ̀fà? Ọ̀fà kì í ṣe Ògùn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ti jẹ́ ará ibí.

"A kì í fi ti ìyá ṣe é. Ṣó o ti lọ́kọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ọmọ Iléṣà ni.

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù ní páàkì Kútọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, níbo gan-an wá ni tìẹ?"

Ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń wá bí mo ṣe máa béèrè nǹkan yẹn nínú ìwé mi kó má gùn jù, Mummy fi ọ̀rọ̀ méje béèrè ẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀gàn ni mo fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fọ́ọ̀mù padà sí mi.

Mo pe àbúrò bàbá mi kan l'Ọ́fà, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n ní ṣùgbọ́n mo ti di ìyàwó ará ibòmíì, ọ̀dọ̀ ọkọ ni ti obìnrin. Ọkọ mi pe Iléṣà, wọ́n ní kò burú, ká mú sàtífíkéètì ìgbéyàwó wá kí òun náà sì yọjú. Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi lẹ́tà Ọ̀ṣun ṣe níbi tí wọ́n ti ń béèrè ti Ògùn? Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì mo mú constitution 1999 dání lọ. Ìwé yẹn, ní section 318 níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú òbí ẹ̀ méjèèjì, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí àgbà ẹ̀, jẹ́ ara àwùjọ tó ni ilẹ̀ níbẹ̀. Èyíkéyìí. Kò pe bàbá-bàbá nìkan. Ìyá-ìyá mi wọlé síbẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Mo fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo gbé e fún Mummy, wọ́n kà á, wọ́n kà á tán o, n ò purọ́ mọ́ wọn, wọ́n tún un kà, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, Abuja ni constitution wà. Fọ́ọ̀mù ló wà níbí."

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ìwé Abuja yẹn mọ́ tónítóní, òun náà ní tiẹ̀ lára. Section 26 gbà kí obìnrin òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà di ọmọ Nàìjíríà nípa ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin òkèèrè tó fẹ́ ọmọbìnrin wa, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún un. Section 29 tún ní obìnrin tó bá ti lọ́kọ, àgbàlagbà ni níbi ọ̀rọ̀ kíkọ ọmọ-orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ọdún yòówù kó jẹ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta 2022 wọ́n gbé àtúnṣe ọ̀rọ̀ ọkọ òkèèrè yẹn dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pẹ̀lú àwọn àbádòfin mìíì nípa obìnrin, wọ́n dìbò dà á nù, àwọn obìnrin sì lọ jókòó sẹ́nu géètì wọn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi tipẹ́tipẹ́ pé obìnrin nínú òfin wa dà bí ẹni tó ń gbé nílé ẹlòmíì, mo kọ ọ́ bí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn kan lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀gá Mummy ló wá là á. Ó ní tí olórí ẹbí ní agbo ilé ìyá mi bá kọ̀wé pé ọmọ àwọn ni mí, òun á sáìn. Mo rò pé ó ti tán.

Olórí ẹbí ni Dádì tí mo ní mo máa sọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá mi ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n gbé mi pọ̀n lẹ́yìn rí, àwọn ló fún mi lówó fọ́ọ̀mù JAMB àkọ́kọ́. Mo mú màmá mi dání, a mú orógbó àti mọ́ọ̀tì, a kúnlẹ̀. Dádì dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Lẹ́tà kọ́ ni ìṣòro. Lẹ́yìn lẹ́tà ńkọ́?" Ó wá yé mi. Ẹbí ní ilẹ̀ lọ́nà Ọbáńtokò, wọ́n ti ta díẹ̀, èyí tó kù wà ní kọ́ọ̀tù láàárín ara wọn, ẹni tó bá sì ti ní ìwé tí olórí ẹbí sáìn pé ọmọ ilé ni, ó lè gbé ìwé yẹn dé iwájú adájọ́ lọ́la. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Dádì là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ ọmọ obìnrin ni mí, ìyá mi gan-an ọmọ obìnrin ló bí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni okùn yẹn ti já.

N ò bá a jà, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ẹ̀ kì í ṣe lásán. Peter Ekeh, ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 1975 pé ìlú méjì lèèyàn ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà nílẹ̀ Áfíríkà, ti ìjọba tí kò sẹ́ni tó kà á sí tiẹ̀, àti ti ilé àtẹbí tí gbogbo ẹ̀tọ́ àti ìtìjú wa wà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti fi ṣe sẹ́mínà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúnlẹ̀ síwájú Dádì mo rí i pé níbi méjèèjì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, ta ni bàbá ẹ.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí n ò retí. Bí a ṣe ń jáde, àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́yìnkùlé wọ́n ń sá láfún, àgbà wọn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún rí mi, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ó ní "Ẹ kúulé o, ọkọ mi." Èmi tí mo tó ọmọ-ọmọ ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá dàgbà ní agbo ilé Yorùbá ẹ mọ̀ ọ́n, ọkọ kì í ṣe ọkùnrin nìkan, gbogbo ẹni tí ilé bá bí, ọkọ ìyàwó ilé ni, obìnrin náà ń jẹ́ ọkọ. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi irú nǹkan báyìí ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ẹni tó ṣáájú wọlé là ń wò kí á tó wo akọ tàbí abo. Àwọn kan ń bá a jiyàn, èmi náà ń bá a jiyàn lápá kan, torí ìyàwó tó kúnlẹ̀ yẹn obìnrin ni nígbàkígbà, kò sígbà tó máa di ọkọ nílé yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ kí Oyěwùmí jàre pátápátá. Màmá yẹn wá béèrè ohun tá a wá ṣe, màmá mi sọ fún wọn, wọ́n ní, "Wọ́n ń béèrè ìwé? Ṣebí ìyá yín ní ìwé. Gbogbo wa la ní in. Ìwé owó orí."

Àpótí onípákó ìyá-ìyá mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. A tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ òkè, iyùn tó ti já, àti ìwé kékeré mélòó kan tí wọ́n ká sínú ike kan. Rìsíìtì owó orí. Iye owó ti ṣá lójú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ wà níbẹ̀, 1946 wà níbẹ̀, orúkọ agbo ilé wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá-ìyá mi fúnra wọn o, kì í ṣe ti bàbá wọn, kì í ṣe ti ọkọ.

Èyí ni mi ò lè fi sáré kọjá. 1918 ni owó orí tààrà wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira ẹ̀, Ogun Adubi, ọ̀tẹ̀ tí wọ́n fi kọ owó orí náà, sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá obìnrin ń dá tiẹ̀ san lọ́tọ̀ sí ti ọkọ, ọmọbìnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Nígbà tí Ìyá Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ wọn, Abeokuta Women's Union, dìde, ohun méjì ni wọ́n ń sọ pọ̀. Ìkíní: ẹ má gbowó orí lọ́wọ́ obìnrin rárá. Ìkejì: tẹ́ ẹ bá gbowó lọ́wọ́ wa, ẹ fún wa ní ìjókòó. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún supafáísọ̀ mi látọjọ́ yìí pé philosophy wà níbẹ̀ yẹn gan-an, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára mu tán. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kìíní gbà pé èèyàn lè jẹ́ ọmọ ìlú láìsan nǹkan kan, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó ní ìkejì gbà pé owó tí mo san ló rà mí wọlé. Àwọn obìnrin yẹn ò yan ọ̀kan, wọ́n gbé méjèèjì lọ síwájú ààfin l'Aké, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní oṣù keje 1948 Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo, oṣù kìíní 1949 ni wọ́n fi orí oyè sílẹ̀ (wọ́n padà wá ní 1950, ìyẹn náà wà nínú ìtàn), wọ́n dáwọ́ owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀. Ọdún 1949 yẹn náà ni T. H. Marshall, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, dúró ní Cambridge tó ń sọ fún wọn pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú wọlé ní ìpele mẹ́ta, ti òfin lákọ̀ọ́kọ́, ti ìbò ló tẹ̀ lé e, ti ìgbáyégbádùn ló gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni gbogbo wa ń kà ní first year. Obìnrin Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn, owó ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló ń wá àwọn tó kù kiri.

Rìsíìtì tí ìyá-ìyá mi bá wọn wọ́de nítorí ẹ̀, òun nìkan ni ìwé tó pè wọ́n ní ará ilé bàbá wọn. N ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn.

Dádì gba rìsíìtì, wọ́n gbé e sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù, wọ́n pe orúkọ àǹtí wọn jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n kọ̀wé lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ pé kò kan ilẹ̀. Mo sáìn sábẹ́ ìlà yẹn. Ọkọ mi ní mi ò bá má sáìn. Bóyá òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹni tó ń kọ́lé.

Lọ́sẹ̀ kẹfà káńsù gbé lẹ́tà mi jáde. Mo kà á lórí ìdúró, orúkọ mi péye, agbo ilé péye, ibi orúkọ bàbá, orúkọ Dádì ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní Mummy, bàbá mi kọ́ nìyí o. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kò sí ibi tí wọ́n lè kọ ìyá sí lórí fọ́ọ̀mù náà, bí gbogbo èèyàn tó wà nírú ipò mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí n mú un lọ jàre. Gbogbo èèyàn tó wà nírú ipò mi! Ó ní a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwa tá a ti ra bàbá ní káńsù.

Mi ò mú un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òmùgọ̀ ni mí, ọjọ́ márùn-ún ló kù kí pọ́tàlì owó ìrànwọ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìwé lórí irú nǹkan yìí kò lè fi irọ́ yìí gba owó ìwé ọ̀hún, ó kéré tán èmi ò lè ṣe é. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti lọ síbi ìsìnkú. Mo padà lọ ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́bọ̀, ní Ọjọ́ Ajé, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mummy fúnra wọn ló sú. Wọ́n mú báírò, wọ́n fagi lé "Father", wọ́n kọ "Grandmother" sórí ẹ̀, wọ́n fagi lé orúkọ Dádì, wọ́n ní kí n sọ orúkọ ìyá-ìyá mi kí n sì pè é dáadáa, wọ́n kọ ọ́, wọ́n gba stáǹpù lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá ní, "Ìyá-ìyá èmi náà ará Ìbarà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Pọ́tàlì ti tì láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. N ò rí owó yẹn gbà, mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa tún ṣí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú Orí Kẹta, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ohun tí Mummy sọ nípa Abuja, mo fi ránṣẹ́. Supafáísọ̀ mi ò kọ "Where is the philosophy?" síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ "Who else has signed away land?" Ìyẹn ni mò ń wá kiri báyìí, mo ti rí èèyàn mẹ́rin.

Màmá mi ti gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi fi lamineeti bò ó ní Pánsẹ́kẹ́, wọ́n kọ̀, wọ́n dá a padà sínú ike ẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n ti àpótí. "Owó ni wọ́n fi rà á," wọ́n ní.